Tìróò Lójú Sùpáàpù Kẹta

Ilà náà tún ti kúrò láàárín.

Sàdíà fi etí aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì náà, ó wò ó dáadáa. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Oòrùn àdúgbò Koumassi Remblais ti wọ inú gáráàjì dé ẹsẹ̀ tábìlì, kò sí òkùnkùn tí ènìyàn lè di ẹ̀bi rù. Sùpáàpù mẹ́jọ ló wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn. Ilà orí méje tẹ́ẹ́rẹ́, ó wà láàárín gbùngbùn. Ti ẹ̀kẹta nìkan ló ti sún sétí.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí, kí ó gbọ́. Sùpáàpù ni ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ́ńjìnì fi ń mí. Apá irin kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kí ó lè ṣí, òpó irin kékeré kan ló sì gbé apá náà dúró. Bí apá bá ń tẹ sùpáàpù láàárín orí, ẹ́ńjìnì á pẹ́. Bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ létí, á máa wọ́ ọ, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí yóò kán lórí eré. Ọkọ̀ tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí, táyà rẹ̀ á dúró gbagidi lójijì, á sì gba ibi tó bá wù ú lọ. Ní Vridi, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń sáré ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ibi kan ṣoṣo ló wà tí ọkọ̀ lè gbà lọ, inú omi kánáàlì ni.

Bàbá Sàdíà, Moufoutaou ará Ìgbòho, ló mú ọgbọ́n tìróò wọ iṣẹ́ náà. Yíǹkì ni àwọn mẹ́káníìkì yòókù fi ń kun orí sùpáàpù kí wọ́n lè rí ibi tí apá ti ń fọwọ́ kàn án. Moufoutaou ní yíǹkì máa ń purọ́. Tìróò tí àwọn obìnrin ń lé sójú ni ó ń pò mọ́ òróró, á fi kun orí sùpáàpù, á fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì, á tú apá irin kúrò, á wá wo ibi tí apá ti nu tìróò náà. Kíka ojú ni ó ń pè é. Bí ilà bá sún, á mú ọ̀pá ìwọ̀n tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ, èyí tó ṣeé fà gùn tó sì ṣeé tì kúrú, á fi wá gígùn tó yẹ ọ̀pá tó ń ti apá náà, títí ilà yóò fi padà sáàárín. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé Sàdíà lọ́wọ́: ẹni tó bá ka ojú kò gbọdọ̀ purọ́ ohun tó rí níbẹ̀. Ọdún méjì rèé tí bàbá náà ti kú.

Ẹ́ńjìnì tó wà níwájú rẹ̀ yìí ni èyí tí bàbá rẹ̀ kọ́ kẹ́yìn. Kàmíl àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún tí kò mọ̀ pé ikú ń bẹ, ní kí ó fi sípíríǹgì tó le sí i kí ó lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ òun àti Darius, ọmọ iṣẹ́ bàbá wọn tẹ́lẹ̀, ni wọ́n jọ máa figagbága ní Vridi. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Sàdíà ti ń bá ojú kẹta jà. Ní òwúrọ̀ á tún un ṣe, ilà á wà láàárín. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó ṣí i, ilà á ti sún. Ó yẹ ọ̀pá wò, ó yẹ sípíríǹgì wò. Àwọn òpó irin nìkan ni kò yẹ̀ wò, nítorí pé bàbá rẹ̀ ló gbìn wọ́n síbẹ̀, nínú gáráàjì yẹn sì rèé, ẹni tó bá gbé ìwọ̀n lé iṣẹ́ Moufoutaou, òkú ló bú.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Sàdíà. Kì í ṣe ẹ̀rù irin.

*

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bá nǹkan náà lẹ́nu ọ̀nà.

Òpó irin àtijọ́ kan ni, irú èyí tó ń gbé apá sùpáàpù dúró. Wọ́n fi òwú pupa àti òwú dúdú wé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì ta á ní kókó mẹ́ta. Lábẹ́ òwú náà, nǹkan tín-ín-rín kan ń yọjú, ó pupa, ó ń dán. Wọ́n gbé e sí àárín àtẹ̀gùn gan-an, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn kò ti lè ṣàìrí i.

Kàmíl fẹ́ fọwọ́ mú un. Sàdíà gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, y'a fohi, kò séwu," Kàmíl ní. "C'est fer, irin ni."

Obìnrin tó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, ní òdìkejì ọ̀nà ní òun rí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Darius ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń kí àgbà, ó sì bá takisí kan náà padà.

Ọmọ iṣẹ́ Moufoutaou ni Darius fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ Marcory ni, láti inú ẹbí Kìrìsìtẹ́nì kan tó ti Bẹ̀nẹ̀ wá láyé ìjọba àwọn Faransé, tíṣà sì ni Irène ìyá rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Sàdíà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po tìróò. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá náà, Darius wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun tún ẹ́ńjìnì ìkẹyìn yẹn ṣí. Kò sọ ìdí. Sàdíà bi í, ó wolẹ̀. Sàdíà wá gbà pé ó fẹ́ jí iṣẹ́ òkú, ó sì lé e jáde lójú gbogbo àlejò. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Darius ṣí gáráàjì tirẹ̀ sí Marcory, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ dà bí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Sàdíà wo kókó mẹ́ta yẹn. Ó rántí ojú kẹta tí kò gbà kí ilà dúró sáàárín. Ó gbà pé àsàsí ni. Ó fi bébà ká irin náà, kò jẹ́ kí ó kan ara òun, kò sì tú òwú rẹ̀ wò. Ta ni yóò tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò?

*

Ẹ̀yìn ọjà aṣọ ní Marcory ni Alfa Àbdùlsàmàd ń gbé. Àwọn oníṣòwò Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ló mọ ilé rẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ sókè. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni Sàdíà débẹ̀. Yàrá náà tutù, kò sì sí fáànù kankan níbẹ̀.

Alfa náà tẹ yanrìn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè orúkọ ẹni tó gbé irin náà wá, ó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Sàdíà dárúkọ méjèèjì. Alfa kọ wọ́n, kò sì sọ ohun tó rí. Ó fún un ní bébà bàbà kan tó fẹ́lẹ́, tí ó ti fín ọ̀rọ̀ sí tinú tẹ̀yìn, ó ní kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnì.

"Bí o bá ti dé e, má ṣí i mọ́ títí eré á fi parí," ó ní. "Ojú tí o bá lọ wò, òun náà á wò ọ́."

Sàdíà ní òun gbọ́. Ó ń múra àtidìde nígbà tí Alfa na ìka sí irin tó wà nínú bébà.

"Èyí tí wọ́n rán wá yìí ń kọ́? Ṣé kó dúró síta, àbí kó padà sílé?"

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ ará Ìgbòho. Sàdíà ro ti Kàmíl lábẹ́ omi Vridi, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ó rántí pé òun ló pọ̀n ọ́n lẹ́yìn nígbà tí ìyá wọn kú.

"Kó padà," ó ní.

Ẹyin lohùn. Alfa gbé abọ́ omi kan jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó da irin náà sínú rẹ̀ láti inú bébà, irin náà sì rì láìdún rárá. Omi náà ń rùn. Ó ń rùn bí iyọ̀, bí epo ọkọ̀ ojú omi, bí etí kánáàlì nígbà òjò. Sàdíà kò béèrè ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé Darius láàárín ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, Irène ìyá rẹ̀ ló wá ròyìn rẹ̀ nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, bàtà Darius tutù. Inú yàrá ló wà, òjò kò sì rọ̀. Ó sá a sóòrùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó tún kún fún omi, omi náà sì ní òróró lójú. Ìyá rẹ̀ bú u pé ó ń rìnkurìn. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, ó gbé síbí sílẹ̀, ó ní ta ló ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì nínú àgbàlá. Kò sí ẹ́ńjìnì nínú àgbàlá wọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé etí ojú rẹ̀ méjèèjì ti dúdú, dúdú tó mọ́ roboto bí ẹni tó lé tìróò. Ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kò kúrò. Irène bẹ̀ ẹ́ kó má lọ sí Vridi ní ọjọ́ kejì. Darius ní ó di dandan kí òun wà níbẹ̀. Kò tíì sọ ìdí fún òun náà nígbà náà.

Ní Koumassi ní tiwọn, àlàáfíà ti dé. Láti ìgbà tí bàbà ti wọ abẹ́ ìdérí, Sàdíà kò ṣí ẹ́ńjìnì mọ́, kò rí ojú kankan. Nǹkan kan ṣoṣo ló dà á láàmú. Ó sùn díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá rẹ̀ sì wọlé wá bá a lójú oorun. Ojú bàbá náà funfun bí omi ògì. Ó ń táràrà, ó ń fọwọ́ tẹ́lẹ̀ kiri orí tábìlì, ó ń wá nǹkan tí kò rí. Sàdíà jí, ó ṣe é láàánú, ó ní bàbá òun wá súre fún àwọn ni.

*

Òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ ní Vridi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Iná ilé ìfọpo ń jó lókè, ọ̀nà gígùn náà ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, àwọn ọmọkùnrin sì tò sí bèbè rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kàmíl tan ẹ́ńjìnì kó lè gbóná.

Sàdíà gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ohùn kékeré ni, bí ẹni tó ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta ni. Bí apá bá jìnnà sí sùpáàpù díẹ̀ báyìí ló ń dún. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà síbi sípánà kó tó rántí ọ̀rọ̀ Alfa, ó sì kó ọwọ́ náà padà. Bí ó bá ṣí i, ààbò Kàmíl tán. Bí kò bá ṣí i, ohùn yẹn ń bẹ níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Darius ti yọ láàárín àwọn ènìyàn. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ dúdú yíká, omi sì ń ṣàn jáde láti inú bàtà rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú gbogbo ayé.

"Ẹ̀gbọ́n Sàdíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọkùnrin yìí pé wọ́n ní kí òun má ṣí i. Báwo ló ṣe mọ̀? Ta ni í bẹ ọ̀tá kó ṣí ilẹ̀kùn, bí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wọlé? Sàdíà ní kí ó kúrò níwájú òun. Darius la ẹnu, ó pa á dé. Ó dìde, ó lọ dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń wò wọ́n.

Wọ́n ti ń pe Kàmíl sójú ilà eré. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ogún ọdún ni Sàdíà ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnì, kò sì sí alfa tó kọ́ ọ níyẹn.

"Kàmíl, pa á."

"Ẹ̀gbọ́n, on m'attend, wọ́n ń dúró dè mí—"

"Mo ní o pa á."

Ó ṣí ìdérí. Bàbà náà já bọ́ sínú òróró. Sùpáàpù kẹta wà níbẹ̀, ilà rẹ̀ ti bọ́ sí bèbè pátápátá, òpó irin tó gbé apá rẹ̀ dúró sì ti yọ sókè bí eyín arúgbó. Sàdíà fi ìka méjì mú un. Ó fà á, ó sì bá a lọ́wọ́ wá. Ihò tó ti jáde ti fẹ̀ jù. Ẹnì kan ló ti fi páànù tín-ín-rín há a nígbà kan rí kó lè dúró, páànù agolo tòmáàtì ni, apá kan rẹ̀ pupa, ó sì ń dán.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo páànù náà. Ó ti rí i rí. Abẹ́ òwú ló ti rí i, lórí àtẹ̀gùn òun fúnra rẹ̀. Òpó kan, páànù pupa kan, kókó mẹ́ta. Kì í ṣe àsàsí ni wọ́n gbé wá fún un. Àrokò ni.

Ó gbójú sókè. Darius ti rí i pé ó ti ṣí i. Ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Eré ti dàrú, ilé ló ń lọ. Sàdíà tẹ Alfa láago bó ṣe ń sáré tọ̀ ọ́ lọ, ó ní kí ó dá a dúró, kí ó dá a dúró, wọ́n ti ṣì í mú.

"Ohun tó ti kúrò lọ́wọ́ mi kò sí lọ́wọ́ mi mọ́," Alfa ní. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò lọ sílẹ̀.

Ọkọ̀ Darius ń lọ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Sàdíà ké pè é. Ó gbọ́, nítorí pé ó yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó fi kí i. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ náà yà. Kò sáré, kò yọ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn. Ó yà sínú kánáàlì bí ẹni tó ń yà sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, omi sì gbà á láìdún.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Irène fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé ẹ́ńjìnì ọmọ rẹ̀ wá sí Koumassi. Aṣọ funfun ló wọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn kò rí ìdí kankan. Ó ní òun mọ̀ pé Sàdíà lè ka ojú, àti pé ẹni tó bá ka ojú kì í purọ́. Darius ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun.

Kí Sàdíà tó mú sípánà, ìyá náà sọ èyí tó kù. Ọdún tí Moufoutaou fi kú, kò ríran mọ́. Darius ló ń ṣe ojú rẹ̀. Ihò kẹta fẹ̀ mọ́ bàbá náà lọ́wọ́, ó fi páànù há a, ó ní òun á padà wá tún un ṣe, ikú sì dé. Ó ti mú kí Darius fi Bíbélì búra pé ẹnu rẹ̀ kò ní sọ ọ́ láéláé fún ẹnikẹ́ni pé Moufoutaou fọ́jú nídìí iṣẹ́.

"Òru ọjọ́ tó ṣáájú eré ló tó sọ ọ́ fún mi, ó sunkún," Irène ní. "Ó ní ẹnu òun ló búra, ọwọ́ òun kò búra. Ló ṣe gbé irin yẹn wá fún yín. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí."

Sàdíà kò lè gbé ojú sókè. Ó tú ìdérí. Omi kánáàlì ti wọ ibi gbogbo, ṣùgbọ́n tìróò àti òróró kò gbà fún omi. Ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń wò ó láti inú irin, ilà wọn tẹ́ẹ́rẹ́, láàárín gbùngbùn, ẹ̀kẹta náà pẹ̀lú. Iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kò rí i rí lẹ́yìn ti bàbá rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì yẹn.

"Kí lo rí, ọmọ mi?"

Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kan eyín, ó sì padà.

"Ẹ̀kẹta ti sún, Mama," Sàdíà ní. "Irin ló ṣe é."

Irène mi orí. Ó ní àṣé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló pa á. Ó dì mọ́ Sàdíà, ó dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́ fún òun, ó sì rọra lọ sójú títì lọ wá takisí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ́ńjìnì tí Sàdíà ṣí tí ilà rẹ̀ kò sí láàárín. Èyí tó dára, láàárín. Èyí tó bàjẹ́, tí ó ń dún létí gbogbo ènìyàn, láàárín náà ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kàmíl kò jáwọ́ nínú eré. Sàdíà bẹ̀ ẹ́, ó sunkún sí i lọ́rùn, Kàmíl ní bí Ẹ̀gbọ́n kò bá ṣe é, òun á wá ẹlòmíràn tó máa ṣe é. Sàdíà bá gbin òpó tuntun síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí ó lé tìróò, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì, ó tú apá, ó wo ojú kẹta. Láàárín. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tú òpó náà sílẹ̀ títí ó fi ń mì, ó lé tìróò mìíràn, ó tún yí i, ó tún wò ó. Láàárín gbùngbùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ bí ti Darius.

Ó dè é padà bí ó ṣe rò pé ó yẹ.

Kàmíl ti jókòó sídìí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, c'est bon? Ṣé ó ti dára?"

Ojú kẹta ń wo Sàdíà. Sàdíà ń wò ó. Kàmíl tún béèrè.